Ọjọ́ a kú là ń dère; ta ló wá ń bọ́ ère?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, n kò tíì bọ́jú tán tí iṣẹ́ mẹ́ta fi wọlé sórí WhatsApp mi. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán ọmọkùnrin kan nínú aṣọ sójà, àbẹ́là lọ́tùn-ún, àbẹ́là lósì, àdàbà ń fò lókè orí rẹ̀. Èkejì ní aṣọ ẹbí ìrántí ọdún kan ti jáde, ẹgbẹ̀rún méjìlá fráǹkì ni, kí kálukú tètè sanwó. Ẹ̀kẹta ń béèrè bóyá mo mọ ẹni tó ní gbohùngbohùn tí yóò dún dé ọjà. Mo da fóònù dé. Òwe ló bọ́ sí mi lẹ́nu: ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ta ni mo fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Igi tí ewúrẹ́ ń fi ara họ lánàá, ẹ fi ọ̀bẹ ya ojú sí i, ẹ kun ún lọ́dà, a bẹ̀rẹ̀ sí í wárí fún un.

N kò ní dárúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní òun kò fẹ́, kò sì fẹ́ kí n kọ ọjọ́ tó kú. Ọ̀kan ṣáà ni nínú àwọn ọmọ tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kó lọ sí àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ ogun tí wọ́n ń pè ní Mirador sílẹ̀, tí nǹkan bí 3,000 sójà lọ ń ṣọ́ ààlà Burkina Faso àti Niger. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ti rí. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025, sójà 54 ló kú nínú ọgbà ẹranko igbó tí wọ́n ń pè ní W, lápá odò Koudou tó ń já lulẹ̀ àti níbi tí ilẹ̀ mẹ́ta ti fẹnu kora. Àwa kọ́kọ́ gbọ́ pé mẹ́jọ ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mẹ́jọ fi di 54. Mo rántí bí àwọn ìyá ti ń pe fóònù ọmọ wọn tọ̀sán tòru lọ́sẹ̀ náà, títí kan ìyá tí ọmọ tiẹ̀ ń ṣọ́ géètì ní Cotonou, tí kò tíì fojú kan Alibori ní àríwá rí.

Ogun kọ́ ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ará ilé ni.

Nígbà tí ọmọ yìí wọ iṣẹ́ sójà, a fi ṣẹ̀sín ní àdúgbò. Wọ́n ní ìdánwò BAC tó fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló lé e lọ. Bó bá gbàyè wálé, wọn á tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń retí sàráà: ‘Ọ̀gá sójà, bíà dà?’ Ọ̀kan wà lára wọn tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ lọ sílé ìwé. Mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àgbà tó tó bàbá bí ọmọ náà, ó yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta fráǹkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní táyà mọ́tò òun ti jẹ tán. Táyà dé, mọ́tò ń sáré, owó ò padà. Ọmọ tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, ó padà sí àríwá.

Ẹ wá lọ wo ẹ̀gbẹ́ ọjà báyìí. Bánà ìrántí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù lọ ni ti onígbèsè. Wọ́n fa àwòrán ọmọ náà kó lè kún aṣọ, ojú rẹ̀ wá fẹ̀ bí àkàrà tí wọ́n dà sínú epo tútù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé, ‘Akọni wa, a kò ní gbàgbé rẹ láéláé.’ Orúkọ onígbèsè tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni o. Òkú ọ̀fọ̀. Àwọn tó bí wa kì í lu ìlù sí òkú ọ̀fọ̀. Bàbá kì í dé ojú oórì ọmọ, ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí, wọn á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọn á tú ká kí oòrùn tó wọ̀. Ta ló kọ́ wa láti se ìrẹsì, ká máa da sódàbì sọ́fun, nígbà tí ìyá olókùú jókòó sínú yàrá? Ìtàn tí a ń gbọ́ lẹ́nu àgbà tilẹ̀ ni pé sójà kan tó bá àwọn Faransé lọ sí ogun 1914 ló kọ́ pípọn ọtí náà bọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì mọ́ ọn lára títí dòní. Òun kúkú padà dé ní tiẹ̀.

Kétu kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ogun. Lọ́dún 1886, ogun Glèlè ọba Dahomey fọ́ ìlú yìí, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ sí Abomey. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́, wà níbẹ̀ tí a ń mú àlejò lọ ya fọ́tò. Nígbà tí Faransé tún wá ń mú ọ̀dọ́ fún ogun tiwọn, àwọn ìdílé kan kó ọmọkùnrin wọn gba ààlà lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ lóru, àwọn Ọ̀họ̀rí aládùúgbò wa sì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n dìde sí ìjọba. Àwọn yẹn mọ ohun tí ọmọ kan jẹ́ nínú ilé. Àwa mọ iye tí aṣọ ẹbí jẹ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti là, wọ́n fi rọ́bà de ẹ̀yìn rẹ̀, okùn iná kò sì kúrò nídìí rẹ̀. Ohùn ọmọ wà nínú rẹ̀: ‘Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò dáa. Màá pè yín lọ́la.’ Kò jù bẹ́ẹ̀. Àwọn onínáwó ti wá bẹ̀ ẹ́ kó fún àwọn ní ohùn yẹn, kí àwọn fi gbohùngbohùn gbé e sáfẹ́fẹ́ káwọn èèyàn lè sunkún. Ó ní rárá.

Ó wá sọ fún mi, kò gbójú kúrò lórí ẹ̀wà, ‘Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló lọ síbi ìsìnkú. Èmi kò rí nǹkan kan. Èwo ni kí n pe tèmi?’

N kò rí èsì fún un títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò nu ojú. Ti ẹni tọ́mọ rẹ̀ nù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kadà zẹ́mìjàn kan rọra níwájú ilé bí a ti jókòó, mo rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró nínú ẹ̀wà títí kẹ̀kẹ́ náà fi kọjá.

Ẹ ní ẹ ti sọ ọmọ dère. Ó dáa. Ìyá àgbà mi bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn kú, mo sì mọ ère rẹ̀ dáadáa, nítorí orí ẹní tí mo ń sùn ló wà. Láràárọ̀ ni ìyá àgbà ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣe. Bó bá se ẹ̀wà, ẹnu ère ló ń kọ́kọ́ fi kàn kí àwa tó jẹ. Ìwẹ̀ ti jẹ imú ère náà tán, ojú rẹ̀ ti dán bí òkúta etí odò. Ohun tí wọ́n ń pè ní ère nìyẹn nínú ilé tí mo ti dàgbà: ẹni tó dère ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ.

Bánà ò jẹun. Ọmọ tí sójà náà fi sílẹ̀ ń jẹun.

Ọmọ yẹn kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà tí ìròyìn dé. Nítorí pé wọn kò tíì ṣe ìdána ìyá rẹ̀, àwọn ẹbí tó ń gba owó aṣọ lónìí ló ń bi ara wọn pé, ‘Ṣé ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́?’ Ojú ọmọ náà ni kí wọ́n lọ wò, iwájú orí rẹ̀ ti tó ẹ̀rí. Orúkọ bàbá kò sí lórí ìwé ìbí rẹ̀, nítorí ẹni tó yẹ kó bá wọn jẹ́rìí ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kò ráyè. Ó ráyè yan àwọ̀ aṣọ. Láìsí ìwé, ibo ni wọ́n yóò ti ka ọmọ yẹn mọ́ ajogún ẹni tó kú fún ilẹ̀ yìí? Ẹ lè tò láàárín ìgboro ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ẹ gbé àsíá, ẹ kọ orin ilẹ̀ wa títí ọ̀fun yín ó fi gbẹ. Ìwé kan tí kò gbà ju ìrìn àárọ̀ kan lọ, ẹ kò bá ọmọ òrukàn ṣe é. Ojú ò tì yín?

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi onítáyà, dúpẹ́ lọ́wọ́ orí rẹ pé kì í ṣe àsìkò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ la wà, Ẹ̀fẹ̀ ì bá ti fi ọ́ kọrin mọ́jú. Já bánà yẹn lulẹ̀. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún ni owó náà. Ilé ọmọbìnrin tó bímọ fún sójà náà kò jìnnà, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìlọgi ni, ilẹ̀kùn kejì. Òwúrọ̀ ni kí o lọ, kó tó gbé ọmọ pọ̀n lọ sọ́jà. Má wọ aṣọ ẹbí lọ.