Èsì sí oníbàárà wa lórí ṣéènì 530 tó tètè dẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, oníbàárà wa. A ka ohun tí ẹ kọ lórí ṣéènì 530 tí ẹ rà lọ́wọ́ wa fún alùpùpù Triumph yín ti ọdún 1967, a sì fara balẹ̀ wo àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fi tì í. Ẹ ní ṣéènì náà kò tíì rin 1,200 kìlómítà tó fi dẹ̀, pé ẹ ti fà á le lẹ́ẹ̀mẹta, pé ó ṣì ń pariwo, àti pé ayédèrú la tà fún yín.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gun alùpùpù náà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, òdì ni wọ́n fi kílíìpù tó so ṣéènì pọ̀ sí: ẹnu rẹ̀ tó là ló kọjú síbi tí ṣéènì ń sáré lọ. Ìdí rẹ̀ tó dí ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, ìyẹn ni pé tí kílíìpù bá wà ní apá òkè, ìdí yẹn ni kí ó kọjú sí ẹ́ńjìnì. Bí nǹkan bá kọ lu ẹnu tó là yẹn lórí eré, kílíìpù lè fò yọ, kí ṣéènì já, kí ó há mọ́ táyà ẹ̀yìn, tàbí kí ó fọ́ ara ẹ́ńjìnì. Yíyí i padà kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní ti ayédèrú, a mú ṣéènì méjì mìíràn jáde nínú páálí kan náà, a fà wọ́n le, a sì wọ̀n wọ́n. Nínú 530, 5 tó ṣáájú ń sọ pé láti àárín píìnì kan (irin kékeré tó so oríkèé ṣéènì pọ̀) dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ínǹṣì, ìyẹn 15.875 mm. Oríkèé 20 nígbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 317.5 mm, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì sì rí. Ẹ lè wọn tiyín bákan náà, láti píìnì àkọ́kọ́ dé ìkọkànlélógún. Bí ó bá ti sún mọ́ 323 mm, ó ti jẹ tán, kò sì sí fífà tó lè tún un ṣe. Fífà á le jù tilẹ̀ ń ba bíárìn gíabọ́ọ̀sì jẹ́.

Àwòrán kejì ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Eyín sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, ìyẹn irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀, ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìwọ̀ ìpẹja. Ṣéènì tó dẹ̀ kì í ṣe irin tó fà bíi rọ́bà. Ní gbogbo ìgbà tí oríkèé kan bá ń gun eyín tàbí tó ń bọ́ kúrò lórí rẹ̀, píìnì a máa yí nínú bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (irin oníhò tó yí i ká), irin a máa ha irin, àwọn méjèèjì a sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Jíjẹ kékeré yẹn, nígbà tó bá ti kárí oríkèé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ni ojú wa ń rí bíi gígùn. Ṣéènì àtijọ́ yín tó ti gùn báyìí kò bọ́ sí ìsàlẹ̀ eyín mọ́, ó ń gun òkè rẹ̀, ó sì gbẹ́ eyín náà títí tó fi bá gígùn tirẹ̀ mu. Nígbà tí ẹ wá gbé ṣéènì tuntun lé e, ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti eyín mu mọ́. Ẹrù tí ó yẹ kí eyín mélòó kan jọ gbé wá bọ́ sọ́rùn ẹyọ kan tàbí méjì, ìwọ̀ sì ń di oríkèé mú nígbà tó yẹ kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Mi ò dá mẹkáníìkì yín lẹ́bi púpọ̀ pé ó fo sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú. Lára alùpùpù yìí, ẹ̀yìn kíláàṣì ló wà: ẹ ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó yọ kíláàṣì, ẹ ó tún yọ àwo róbótó kan kí ọwọ́ tó kàn án. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lo wọ́ṣà tuntun lábẹ́ nọ́ọ̀tì tó di sípírókẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ sì ká etí wọ́ṣà náà mọ́ nọ́ọ̀tì dáadáa. Tẹ̀yìn ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwòrán kẹta ṣe fi hàn, eyín rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán. Òfin tí gbogbo wa mọ̀ ni pé kí a pààrọ̀ ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n tẹ̀yìn kì í yí tó tiwájú, ara agbada bíréèkì ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ Triumph ìgbà yẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín lásán.

Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀, mo sì gbà á. Ìwọ̀n ṣéènì nìkan la bi yín. Ó yẹ ká béèrè bí eyín ṣe rí kí a tó tà. Láti ìsinsìnyí, a kò ní ta ṣéènì fún alùpùpù àtijọ́ kankan láìjẹ́ pé a ti rí àwòrán sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì. A ó fi ṣéènì tuntun, sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú àti wọ́ṣà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín láìgba owó. Ẹ ṣáà ka eyín tó wà lára ti iwájú kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sí wa, nítorí pé ẹyọ eyín kan péré lè yí bí alùpùpù náà ṣe ń sáré àti bó ṣe ń gun òkè padà.