Wọn Kò Lé Margot Käßmann Kúrò Nípò

Bí àríyànjiyàn obìnrin tó ń jẹ bíṣọ́ọ̀bù bá ti bẹ́ sílẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi fa ọ̀rọ̀ Margot Käßmann yọ: "Ṣebí ẹ rí èyí tí wọ́n fi ṣe olórí ní Jámánì, oṣù mẹ́rin péré ni ṣọ́ọ̀ṣì fi lé e dànù nítorí ọtí." Ọtí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Oṣù mẹ́rin náà kò jìnnà sóòótọ́. Lílé gan-an ni kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Marburg ni wọ́n bí i sí ní 1958. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìsìn Kristẹni ní Tübingen, Edinburgh, Göttingen àti Marburg, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Bochum. Ẹni ọdún 25 ni nígbà tí wọ́n yàn án sínú ìgbìmọ̀ gíga Àjọ Ìjọ Àgbáyé ní 1983. Ní 1999, ó di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Luther ní Hannover. (Òun kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ o. Maria Jepsen ti Hamburg, tí wọ́n yàn ní 1992, ló ṣáájú gbogbo obìnrin tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Luther lágbàáyé.) Ọmọbìnrin mẹ́rin ló bí. Jẹjẹrẹ ọmú mú un ní 2006, ìgbéyàwó rẹ̀ sì tú ká ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn kan tiẹ̀ ní ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ló lé e lórí oyè. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ náà, ní oṣù kẹwàá 2009, ni síńóòdù jókòó ní ìlú Ulm, tí ìbò 132 nínú 142 gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí alága ìgbìmọ̀ gbogbo ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ní Jámánì. Kò sí obìnrin tó dé ipò yẹn rí. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Rọ́ṣíà ló fárí gá, àwọn ni wọ́n ní àwọn ò bá obìnrin jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọ. Àwọn ará ìjọ tirẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ Sátidé, 20 oṣù kejì 2010, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Käßmann ń wa ọkọ̀ lọ láàárín Hannover, ó já iná pupa, àwọn ọlọ́pàá dá a dúró. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ọtí inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1.54 nínú kílógíráàmù kan. Ní Jámánì, ẹni tó bá ti dé 1.1 nídìí ọkọ̀ ti dẹ́ṣẹ̀ ọ̀daràn, ì báà wakọ̀ gún régé. Ó sanwó ìtanràn, wọ́n sì gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Kò sí àwíjàre kankan níbẹ̀, òun náà kò sì wá àwíjàre.

Ìròyìn jáde ní ọjọ́ Túsìdeé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ìgbìmọ̀ tó ń darí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì náà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá nìyí: wọ́n ní àwọn fọkàn tán an láìku ẹnìkan, pé kó fúnra rẹ̀ pinnu ohun tó kù. Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kò jọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti èèyàn síta. Lọ́jọ́ kejì, 24 oṣù kejì, ó kọ̀wé fi ipò méjèèjì sílẹ̀, ti bíṣọ́ọ̀bù àti ti alága. Ó ní pásítọ̀ lòun ṣì jẹ́.

Kí ló dé? Ìdí tó sọ lójú gbogbo ayé ni pé òun kò ní lómìnira mọ́ láti tọ́ka sí ohun tó wọ́ láwùjọ àti nínú ìṣèlú bí òun ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé lọ́jọ́ kìíní ọdún yẹn gan-an, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche ní ìlú Dresden, ló wàásù pé kò sí ohun tó dára ní Afghanistan, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì ń jà níbẹ̀. Àwọn olóṣèlú kọlù ú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lójú tèmi, ó rí i pé bí òun bá tún lanu nípa ogun lórí àga yẹn, ọtí ni wọ́n máa fi dá òun lóhùn. Ẹni tí wọ́n lé kì í láǹfààní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ó lọ kọ́ni ní Yunifásítì Emory ní Atlanta, ó padà wá kọ́ni ní Bochum. Nígbà tó di 2012, ìgbìmọ̀ tí àwọn èèyàn ní ó lé e yìí kan náà ló fi í ṣe aṣojú fún ayẹyẹ 500 ọdún Àtúnṣe Ìsìn ti Luther. Ó sì ṣe é títí dé 2017, ọdún ayẹyẹ náà gan-an, kó tó fẹ̀yìn tì ní 2018.