Ọmọnílé kò ní oró: ìkòkò tí ẹ ò dé ni kí ẹ bẹ̀rù

Gọ́ọ̀mù tí mo fi sábẹ́ tábìlì kíṣìnnì nítorí eku ló mú ọmọnílé kan. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lẹ̀ típẹ́típẹ́, ìrù ti já, ó sì ń ta pọ́ún-pọ́ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ín. Bí mo ṣe nawọ́ báyìí, Màmá Ṣọlá tí a jọ ń lo kíṣìnnì figbe ta: “Bàbá Tọ́lá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Olóró ni! Tó bá tọ̀ sí yín lára, ẹ̀tẹ̀ ni!”

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni èmi náà dàgbà sí. Nílé wa, bí ọmọnílé bá já sínú ọbẹ̀, wọ́n á da ọbẹ̀ náà nù tẹran-tẹran, wọ́n á wá sọ ìtàn ìdílé kan tó jẹ irú rẹ̀ tí gbogbo wọn ò jí mọ́. Kò sí àdúgbò tí kò ní ìtàn yìí, àmọ́ àdúgbò kejì ni ìdílé ọ̀hún máa ń gbé nígbà gbogbo. Kì í sì í ṣe àwa nìkan la ń sọ ọ́. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní Abu Burays, inú orúkọ àrùn tó ń sọ awọ ara di funfun ni wọ́n sì ti fa orúkọ náà yọ. Lójú tèmi, àwọ̀ rẹ̀ ló kó bá a. Awọ ikùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ohun tó jẹ ní oúnjẹ alẹ́.

Ejò olóró ní àpò tí oró wà àti eyín tó fi ń fún un síni lára. Àkekèé gbé tiẹ̀ sí ṣóńṣó ìrù. Ọmọnílé ò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹnu rẹ̀ kò lágbára, bó bá gé yín jẹ, agbára káká ni ẹ̀jẹ̀ fi máa yọ. Alángbá tó lóró gidi wà láyé o: ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Gila monster wà ní aṣálẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Ògiri ilé wa kọ́ ló ń gùn.

Ẹ dúró ná, mi ò ní kí ẹ jẹ ọbẹ̀ tó já sí. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella máa ń wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sábà máa ń rí: wọ́n gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ láìdé e láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, nínú ooru, kòkòrò àrùn bí sí i. Àwọn kan nínú wọn máa ń tu májèlé sínú oúnjẹ, bí ẹ tilẹ̀ tún ọbẹ̀ náà sè, májèlé yẹn ò ní lọ. Inú run àwọn tó jẹ ẹ́. Ọmọnílé ni wọ́n rí nínú ìkòkò, òun ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí aláìsàn mi. Ẹ má fà á o, awọ rẹ̀ á bó. Mo di òwú mọ́ ẹyọ igi ìgbálẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sínú òróró, mo ń fi pa etí ibi tó ti lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gbà tó ìṣẹ́jú 10. Nígbà tó bọ́ tán, mo fi omi lílọ́wọ́wọ́ ṣan ara rẹ̀, mo gbé e sínú ike áísìkìrìmù tí mo lu ihò sí lórí, mo tẹ́ tíṣù sí i. Ní ti ìrù, ojú ibi tí yóò ti já ti wà nínú eegun rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ pa á jẹ á máa wo ìrù tó ń jà, òun á ti sá lọ.

Má fún un ní ìrẹsì, má fún un ní mílíìkì. Ohun tó ń rìn ló ń jẹ: ìrẹ̀ kékeré, ọmọ aáyán, èsúnsún nígbà òjò, kì í ṣe aáyán tí ọtapíapíá ti pa. Mo ń wọ́n omi sí ara ike, ó ń lá a. Ó tún ń fi ahọ́n kan náà nu ojú rẹ̀, torí kò ní ìpéǹpéjú tó lè ṣẹ́. Ọwọ́ mi kì í kúrò níbẹ̀ kí n má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mi ò sì jẹ́ kí Tọ́lá tí kò tíì pé ọdún 5 sún mọ́ ọn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò lè gun ara ike mọ́. Àwọn èèyàn rò pé omi kan tó ń lẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Irun tíntìntín tí ojú wa ò lè rí ló pọ̀ lọ jàra lábẹ́ ìka rẹ̀, wọ́n máa ń sún mọ́ ògiri débi pé irun àti ògiri á máa fa ara wọn. Gọ́ọ̀mù eku àti òróró tèmi ti dì wọ́n pa. Tó bá gun ike dé ìdajì, á yọ̀ wálẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 16 tó ti wà lọ́dọ̀ mi ni awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fi ẹnu fà á kúrò ní ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì ń jẹ ẹ́. Irun tuntun bá awọ tuntun jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin ti lẹ̀ mọ́ ìdérí ike, ó dorí kodò.

Ní nǹkan bí agogo méje alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣí ike náà sídìí ògiri kíṣìnnì kan náà. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Ẹ̀bá gílóòbù ló wà báyìí ní gbogbo alẹ́. Ìrù tó tún hù kúrú, ó ṣe pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ara mu, òun ni mo fi ń dá a mọ̀. Lánàá, Màmá Ṣọlá rí i tó gbé labalábá òru kan mì. “Bàbá Tọ́lá, ọ̀rẹ́ yín ti dé o,” ló wí, ó wá fi ọmọrí dé ìkòkò ẹ̀fọ́ rẹ̀ pinpin.