Kò dìgbà tí ẹ bá tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù campervan kí ọwọ́ yín tó tẹ ibi tí omi ti ń jò

Àwọn èèyàn wa ní Ìlú Ọba ti ń ra campervan, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn, síńkì àti ilé ìdáná nínú bí ilé, gan-an báyìí. Ẹni tó bá mọ iye tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ́wọ́ ìdílé ọlọ́mọ mẹ́ta nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi kò ní béèrè ìdí. Àmọ́ tí ọkọ̀ náà bá ti fara gba òtútù ọdún kan tàbí méjì, ẹ lè ṣàdédé tẹ ilẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹ rí i pé ó tutù rin. Tí ẹ bá wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti ń lo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, èsì kan náà ni wọ́n á fún yín: ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni páìpù gbà, wọ́n sì ti de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ara ọkọ̀, àfi kí ẹ tú gbogbo inú ọkọ̀ palẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ti mú kí àwọn kan ta ọkọ̀ wọn lọ́pọ̀. Ó ti mú kí àwọn mìíràn gbé ayùn ti pákó tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí pé àwọn èèyàn ń náwó lé e lórí, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù yìí, lọ́pọ̀ ìgbà, kò ju kí èèyàn fa dúrọ́ọ̀ méjì yọ kó sì tú pákó kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, torí kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó pa. Àwọn ọkọ̀ ńlá kan wà tó jẹ́ pé iwájú ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni ilé-iṣẹ́ máa rà, tí wọ́n á wá kọ́ ilé lé e lẹ́yìn. Ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ́. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n á to kọ́bọ́ọ̀dù, síńkì àti ibùsùn sí kí wọ́n tó gbé ògiri àti òrùlé wá bò ó. Nígbà mìíràn, ìta ni wọ́n ti ń fi síkúrù gba inú ògiri wọ ara kọ́bọ́ọ̀dù, tí awọ ògiri á sì bo orí síkúrù náà mọ́lẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni pé odindi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lè má gba ẹnu ọ̀nà jáde láé.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé odindi kọ́bọ́ọ̀dù jáde? Omi la fẹ́ dá dúró. Ọwọ́ àti tọ́ọ̀ṣì nìkan ló yẹ kó ráàyè wọ ẹ̀yìn ibẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tí mo tíì rí tí wọ́n kàn án pa débi tí ọwọ́ kò fi ní ráàyè rárá. Ti Fiat Ducato, Ford Transit tàbí Volkswagen Transporter tí wọ́n sọ di campervan tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ti pé ni kí káfíńtà tó dé ibẹ̀. Gbogbo pákó inú ẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tàbí ti ẹ̀yìn ló gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì máa gbà jáde tó bá di dandan. Èyí tí wọ́n tò kẹ́yìn ni ẹ máa kọ́kọ́ tú.

Ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí kì í rò ni bí páìpù inú ọkọ̀ ṣe ń bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, páìpù rọ́bà líle 12 mm ni wọ́n ń lò, pupa fún omi gbígbóná, búlúù fún omi tútù. Ẹ ó rí orúkọ Whale lára púpọ̀ nínú wọn. Páìpù yìí kì í ṣàdédé jò láàárín, àfi tí síkúrù bá gún un, tí eku bá jẹ ẹ́, tàbí tó bá ń ha ara mọ́ irin. Ojú ibi tó ti so mọ́ nǹkan mìíràn ló ti ń jò: ẹnu pọ́ǹpù, ẹnu bọ́ílà tó ń mú omi gbóná, ìdí ẹ̀rọ omi síńkì, ìdí ti ilé ìwẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tú omi dànù nígbà òtútù. Tí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Páìpù lè fẹ̀ díẹ̀ kó gbà á mọ́ra, àmọ́ ike inú ẹ̀rọ omi àti ti asẹ́ pọ́ǹpù kò lè fẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa sán. Ẹ wá wò ó: pọ́ǹpù, bọ́ílà, ẹ̀rọ omi, ohun tó máa nílò àtúnṣe lọ́jọ́ kan ni gbogbo wọn, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ tó máa dí ọ̀nà wọn pa. Ibi tí omi ti sábà ń jò gan-an ni wọ́n fi ọ̀nà sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kankan, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù jẹ́rìí. Bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń dákẹ́ fúnra ẹ̀ nígbà tí páìpù bá ti kún, bíi púpọ̀ nínú àwọn pọ́ǹpù Shurflo, ẹ tan án, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi títí afẹ́fẹ́ á fi jáde tán, kí ẹ wá pa gbogbo wọn. Á kùn díẹ̀, á dákẹ́. Ẹ jókòó tì í. Tó bá tún kùn fẹ́ẹ́ láìsí ẹni tó ṣí omi, omi ń jáde níbì kan láàárín pọ́ǹpù àti àwọn ẹ̀rọ omi. (Ó tún lè jẹ́ pé fáàfù inú pọ́ǹpù ló ń jẹ́ kí omi padà sínú táǹkì; ibi gbogbo á gbẹ nígbà náà.) Àmọ́ tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ilẹ̀ ọkọ̀ sì tún tutù, ẹ fi àwọn páìpù pupa àti búlúù yẹn lọ́rùn sílẹ̀. Táǹkì ni, tàbí páìpù tó ti ibẹ̀ wá sí pọ́ǹpù, tàbí páìpù omi ìdọ̀tí, tàbí òjò. Ti omi ìdọ̀tí ò le: ẹ da zobo tí kò ní ṣúgà sínú síńkì, kí ẹ tẹ́ tíṣù funfun sábẹ́ páìpù. Bí pupa bá yọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ pé inú táǹkì ni pọ́ǹpù wọn wà, tí súwíìṣì inú ẹ̀rọ omi ń tan án, kì í fi irú ẹ̀rí yìí hàn, torí ìgbà tí omi bá ń ṣàn nìkan ni agbára wà nínú páìpù wọn. Ẹ ní kí ẹnì kan ṣí omi, kí ẹnì kejì dọ̀bálẹ̀ máa wo abẹ́.

Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ibi tí omi ti yọ. Omi inú ọkọ̀ máa ń rìn. Á bá abẹ́ páìpù lọ, á bá wáyà lọ, á wọ abẹ́ rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, á wá jáde níbi tó rẹlẹ̀ jù, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé bí ọkọ̀ ṣe dorí kọ ni omi ṣe máa ṣàn. Ẹni tó bá tú kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà torí pé ibẹ̀ ló tutù ti fi iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣòfò.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ìjò rárá tí àwọn èèyàn ń tú ọkọ̀ lé lórí. Bọ́ílà Truma Combi ní fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní FrostControl. Tí òtútù ibi tó wà bá ti bọ́ sí nǹkan bíi dígíríì 3, fúnra ẹ̀ ló máa ṣí, tí á da lítà 10 tó wà nínú bọ́ílà sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kí yìnyín má bàa fọ́ ọ. Kò sì ní gbà kí ẹ pa á títí ibẹ̀ á fi móoru tó nǹkan bíi dígíríì 7. Bí ẹ bá jí láàárọ̀ oṣù kìíní tí ẹ rí omi lábẹ́ ọkọ̀, tí pọ́ǹpù ń ké ṣáá, fáàfù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa tó ń gbé ní Essex, ṣọ́ọ̀bù tó gbé ọkọ̀ ẹ̀ lọ sọ fún un pé ilé ìdáná gbọ́dọ̀ jáde lódindi, torí iwájú ẹ̀ ni omi ń yọ sí. A ní kó ṣe sùúrù. A fi ìdérí dé ẹnu páìpù pupa níbi tó ti yà kúrò, pọ́ǹpù sì dákẹ́. A ṣí i padà, ó tún ń kùn. Ìhà omi gbígbóná ni nìyẹn, ibùsùn ni bọ́ílà sì wà lábẹ́ ẹ̀. A gbé fóòmù kúrò, a tú pákó abẹ́ ẹ̀, a sì rí i: ẹ̀kán omi kan rọ̀ sí etí ìsopọ̀ ẹnu bọ́ílà, ó ń tóbi díẹ̀díẹ̀, ó já bọ́ sórí páìpù ìdọ̀tí, ó sì gba orí ẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná náà títí di òní.

Tó bá wá di pé kí ẹ wọ ẹ̀yìn pákó, ẹ fara balẹ̀ wá síkúrù. Wọ́n máa ń fi ìdérí kékeré tó ní àwọ̀ pákó bo orí ẹ̀, tàbí kí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ inú lọ́hùn-ún tí ojú kì í dé. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ jáde tán. Púpọ̀ nínú wọn ní ahọ́n kékeré lápá ọ̀tún àti òsì tí ẹ máa tẹ̀ kó tó tú. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ sábà máa ń jẹ́ pákó fẹ́lẹ́ kan, ẹ̀yìn ìyẹn ni páìpù. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́bàá ilẹ̀ náà máa ń yọ. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú, ẹ sì má da síkúrù pọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: síkúrù 16 mm tí wọ́n fi síbì kan, ó ní ìdí tó fi kúrú, torí páìpù tàbí táǹkì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá fi 30 mm rọ́pò ẹ̀ ti gún ihò tuntun, ìjò tí kò sí tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn ti tún ọkọ̀ ṣe tán.

Ìsopọ̀ náà fúnra ẹ̀ kò le. Ẹ tú omi kúrò nínú páìpù. Ẹ fi ìka méjì tẹ òrùka ẹnu ìsopọ̀ wọlé ní ọgbọọgba, kí ẹ sì fa páìpù bọ̀. Ẹ wo ẹnu páìpù dáadáa: bó bá gé wọ́, tàbí tí ìlà ìhá bá wà lára ẹ̀, òrùka rọ́bà inú kò ní lè dì í mú. Ẹ fi ohun ìgé páìpù gé e tọ́, kì í ṣe ayùn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tó yẹ kó wọlé dé, kí ẹ tì í títí àmì yẹn fi kan ẹnu ìsopọ̀. Kí páìpù tó ká kọrọ, kó kọ́kọ́ lọ tààrà díẹ̀, torí páìpù tó bá ká látẹnu ìsopọ̀ yóò máa fa òrùka sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì tún jò. Sílíkọ́ọ̀nù tí àwọn kan ń kùn sí ara ìsopọ̀ látìta kò wúlò. Agbára pọ́ǹpù á tì í kúrò.

Ẹ má tíì dá pákó padà lọ́jọ́ náà. Ẹ wé tíṣù gbígbẹ mọ́ ìsopọ̀, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ ní títàn mọ́jú, kí afẹ́fẹ́ sì wọ ẹ̀yìn ibẹ̀ títí pákó tó ti mumi á fi gbẹ.

Ibì kan wà tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Páìpù gáàsì àti wáyà iná 230 fóólítì máa ń gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ẹ yọ wáyà iná ìta, ẹ pa bátìrì àti pọ́ǹpù, ẹ pa gáàsì láti orí sìlíńdà kí ẹ tó tú ohunkóhun. Tí páìpù gáàsì bá wà lójú ọ̀nà yín, ẹ pe ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fún láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì ní Ìlú Ọba. Irin tí bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́, ẹ má tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ rárá, kódà bó jẹ́ pé abẹ́ ẹ̀ gan-an ni omi ti ń jò. Ìyẹn di iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Bó bá wá jẹ́ pé ìsopọ̀ kan wà lóòótọ́ tí kò sí ọ̀nà dé ibẹ̀, ihò kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ìtúpalẹ̀. Kámẹ́rà kékeré tó ń wọ fóònù ò wọ́n. Ẹ fi wo ẹ̀yìn pákó kí abẹ irin tó kàn án. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ lu ú sí, kí ẹ sì fi ìdérí róbótó tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń lò dé e. Ẹni tó bá tún ibẹ̀ ṣe lẹ́yìn yín á rí ọ̀nà.

Òjò nìkan ló lè mú kí títú púpọ̀ tọ́ sí i. Tí omi bá ti ojú fèrèsé tàbí ìgun òrùlé wọlé, tó ti jẹ igi inú ògiri, pákó tó bo ògiri gbọ́dọ̀ kúrò, nígbà mìíràn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà níwájú ẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ iṣẹ́ ògiri nìyẹn, kì í ṣe ti páìpù. Torí náà, bí ṣọ́ọ̀bù kan bá wo ọkọ̀ yín tí wọ́n ní àfi kí gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti jókòó ti pọ́ǹpù, kí sì ni pọ́ǹpù ṣe? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín.