Òfin èéfín kọ́ ló kó àdúgbò wọ̀nyẹn lọ

Ẹ kọ ọ́ pé òfin èéfín ọdún 1956, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dín èéfín kù, ló pa àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Stoke-on-Trent, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rárá o. Ààrò gíga tó rí bí ìgò ni òfin yẹn lé lọ. Àwọn iléeṣẹ́ bọ́ sórí gáàsì àti iná mànàmáná, wọ́n sì ń sun àwo tánńganran wọn lọ. Lóòótọ́, ààrò tó lé ní 2,000 ti ku bíi 47. Ṣùgbọ́n ètò wíwó ilé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ló sọ òpópó di koríko, owó sì tán ní 2011 kí wọ́n tó kọ́ òmíràn dípò rẹ̀. Burslem, apá kan ní Stoke-on-Trent, ni mò ń gbé, mo ń rí i lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká gbàgbé àwọn àdúgbò náà torí èéfín pa èèyàn, òótọ́ ni, eruku amọ̀ náà ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àmọ́ kí ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ ṣe? Nígbà tí mo ń kọ ebè lẹ́yìnkùlé, mo hú amọ̀ kékeré kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ. Òun ni wọ́n ń fi sáàárín àwo kí oje dídán wọn má baà lẹ̀ mọ́ra nínú iná. Mo fi han ìyá àgbà tó múlé tì mí, tó ti ṣa àwo ní iléeṣẹ́ rí. Ó fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ kúrò lára amọ̀ náà, ó ní ìka òun ò tíì gbàgbé bó ṣe ń gún èèyàn.