"Tíṣà á jẹ ẹ́ ni": ọ̀rọ̀ tó ń fi ohun rere du àwọn ọmọ wa

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo tún ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan dábàá pé ká máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn tíṣà ilé-ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò lè kọ̀wé béèrè, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ti dá a lóhùn: "Tíṣà á jẹ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́ búlọ́ọ̀kù kan, ká kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́. Ohun méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà gbọ́: pé ilé nìkan ni ìrànlọ́wọ́, àti pé owó tó bá bọ́ sọ́wọ́ tíṣà ti ṣègbé. Àwọn méjèèjì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé tí òjò ń rọ̀ sí nínú, ilé ló kọ́kọ́ nílò. N kò jiyàn ìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n ilé ni owó ìjọba fúnra rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá lọ. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìpín tirẹ̀ náà kalẹ̀. Kíláàsì, bẹ́ǹṣì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tíṣà tó fẹ́ ra téèpù ìwọ̀n àti okùn fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan, àpò ara rẹ̀ ló máa tọwọ́ bọ̀. Bí a bá ń kọ́ búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù, ọmọ á bọ́ sábẹ́ páànù tuntun, á sì máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe lábẹ́ páànù àtijọ́.

Mo mọ tíṣà sáyẹ́ǹsì kan lọ́dọ̀ wa tó fi gààrí kọ́ àwọn ọmọ JSS. Gààrí Ìjẹ̀bú! Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń kan, a sì ń fi yangàn níbi gbogbo, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lè sọ ohun tó mú un kan? Àwọn ọmọ yẹn bó ẹ̀gẹ́, wọ́n rin ín, wọ́n dì í sápò, wọ́n gbé òkúta lé e. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ki pébà tí wọ́n fi ń wo bí nǹkan ṣe kan tó bọ omi tó ń ro lára àpò, wọ́n sì ń kọ àwọ̀ tó yí padà sí sínú ìwé. Pébà náà ń kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, ó ń lọ sí àwọ̀ ọsàn, títí di ọjọ́ karùn-ún. Wọ́n fojú ara wọn rí bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan sí i, wọ́n kọ́ ọ pé àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń mú un kan, wọ́n sì gbọ́ ìdí tí rírin, kíkan àti yíyan fi ń mú májèlé ẹ̀gẹ́ kúrò. Wọ́n pe ìyá kan tó ń yan gààrí wá sí kíláàsì. Ìyá ní òun kì í lo pébà, òórùn àti ọwọ́ lòun fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ní kó gbóòórùn ti àwọn, kó sọ ọjọ́ tó jẹ́. Ó sọ ọ́, kò sì tàsé. Gbogbo owó tí wọ́n ná kò tó ra ìdì páànù kan.

Erédò Ṣùngbọ́ náà wà níbẹ̀, yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tó sì jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan. Ọkọ̀ àlọ-àbọ̀, okùn àti ọ̀pá gígùn ti tó fún kíláàsì ìṣirò láti lọ wọn apá kan níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń pe èyí ní àṣà òkèèrè, kó wo Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Láti 1956 tí Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila ti dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ni oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ti jẹ́ ara ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ó wá ku ti jíjẹ. Nígbà tí òfin kan ní California dín owó orí ilé kù ní 1978, tí owó ilé-ìwé sì fà sẹ́yìn, àwọn ará àdúgbò níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ tiwọn sílẹ̀ láti ran ilé-ìwé ìjọba lọ́wọ́. Tíṣà tó bá fẹ́ owó á kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, iye ọmọ, ohun tó máa rà àti iye rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ á kà á, wọn á yàn, wọn á sì gba àbọ̀ iṣẹ́. DonorsChoose, tí tíṣà kan ní New York dá sílẹ̀ ní 2000, kì í tilẹ̀ fún tíṣà lówó. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ra ọjà, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Kí ló kù níbẹ̀ tí tíṣà fẹ́ jẹ? Àwa náà lè sanwó fún ọlọ́jà ní Òkè-Àjẹ́, ká gba rìsíìtì, kí ọ̀gá ilé-ìwé àti SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá ilé-ìwé bójú tó nǹkan, tí òbí wà nínú rẹ̀, buwọ́ lù ú. Ta ló sì ka àpò sìmẹ́ńtì tó wọ búlọ́ọ̀kù tí a kọ́ kẹ́yìn rí nínú wa? Okùn kan, ẹ̀gẹ́ àpò kan, pákẹ́ẹ̀tì pébà kan, ọmọdé pàápàá lè kà wọ́n.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù olójú-ewé kan báyìí, ìbéèrè márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fún, kí wọ́n bá mi wo ibi tí owó lè gbà sá lọ, ká jọ dí i.