Èsì wa sí Ìyá Ìbejì tó bá wa lọ sí Àgbádárìgì

Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé nípa ìrìn àjò tí a jọ gbéra láti Challenge, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ ní ará ìlú náà lọ́yàyà, ẹ ní àgbọn ibẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ mẹ́ta lẹ fún wa, torí pé ìtàn ẹrú gba ìdajì ọjọ́, a ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun.

Ti òkun ni kí n kọ́kọ́ sọ. Omi òkun Gberefu, erékùṣù tó wà ní Àgbádárìgì, máa ń fa ènìyàn lọ sí ibú lójijì, kódà ẹni tó mọ omi í wẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, a ò ní yí ìyẹn padà. Kí wọ́n ṣeré lórí iyanrìn, kí wọ́n tẹsẹ̀ bọ omi létí, ó tó.

Ní ti ìtàn, ẹ rántí ọ̀nà tí a gbà dé etí òkun. Ọkọ̀ ojú omi la fi sọdá ọ̀sà, ká tó fẹsẹ̀ rin erékùṣù náà já. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n mú àwọn ènìyàn wa gbà lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, àwọn ará ibẹ̀ ní wọ́n ń fún wọn mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọkàn mi ò gbà á kí n mú ọmọ Yorùbá kọjá níbẹ̀ lọ jẹ ẹja yíyan láìsọ nǹkan kan fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ dé ilé Ṣèríkí Williams Abass, níbi tí yàrá 40 wà tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́. Ọmọ Ìjọ́gà Orílé ni Ṣèríkí fúnra rẹ̀. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú lọ́mọdé, ó wá padà di ẹni tó ń ta ènìyàn. Táíwò bi wá léèrè pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an, mo ṣì ń rò ó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn CMS, ìjọ àwọn míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845, kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ìjọ yìí kan náà ló rán míṣọ́nnárì David Hinderer wá sí Kúdẹtì wa níbí ní 1853.

Ẹ ní ẹ fẹ́ tún lọ ní ọlidé Kérésì. Ẹ bá wa lọ èyí tí a ń sùn mọ́jú: ìlú lọ́jọ́ kìíní, etí òkun látàárọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ pè wá kí oṣù yìí tó parí, ká bá yín mú yàrá tí ẹ̀yin àti àwọn ìbejì á jọ wà.